Ìlaró Tó Wà Lábẹ́ Tábìlì

Orúkọ ìlú mi wà lábẹ́ tábìlì kan ní Paris, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú ìwé pé orúkọ òkú ará Ítálì kan ni. Èmi tí mo fi òòlù lu orúkọ náà sára irin kò tíì kú. Mo wà láàyè, mò ń jẹun, inú sì ń bí mi. Bí ẹ bá ń wá ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ láti ẹnu ẹni tó ti ìlú òyìnbó dé, ẹ lọ bá ẹlòmíràn. Tèmi kò ní pẹ̀lẹ́ nínú.

Ọmọ Ìlaró ni mí. Tíṣà ni bàbá mi, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ṣe ń pè é. Faransé ló ń kọ́ àwọn ọmọ nílé-ìwé ìjọ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kò dé ilẹ̀ Faransé rí o. Àjàṣẹ́ tó wà lẹ́yìn bọ́dà ni ibi tó jìnnà jù tó fẹsẹ̀ tẹ̀, ó sì lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta péré, ṣùgbọ́n gírámà Faransé tó wà lórí ọkùnrin náà, àwọn tó ni èdè kò ní tó bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kí n lọ sí Poli, kí n máa gba owó oṣù bí ọmọ tíṣà. Èmi ní irin ni mo fẹ́. Ọdún kan gbáko ló fi jẹ́ pé kìkì ìkíni mi ló ń dáhùn, kò bá mi sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, mo ṣe géètì fún ṣọ́ọ̀ṣì wa. Lẹ́yìn ìsìn, ó dúró níwájú géètì náà, ó fọwọ́ pa á láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ìwọ lo ṣe èyí?" Mo ní èmi ni. Ó ní, "Ó dára." Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ kiri pé alágbẹ̀dẹ ni ọmọ òun, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni pé òun ló ní kí n ṣe é.

Ọ̀nà Ọjà-Ọdàn ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi wà. Ará Ayétòrò ni, bàbá rẹ̀ ló ń rọ ọkọ́ àti àdá fún àwọn àgbẹ̀ Ìmaṣàyí kí wẹ́dìn tó dé. Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ló kọ́ wa: ti wẹ́dà, àti ti àgbẹ̀dẹ gidi, kí a fi irin sínú ẹ̀yinná, kí a lù ú kó di ohun tí a fẹ́. Kò sì sí iṣẹ́ tó ń kúrò ní ṣọ́ọ̀bù náà láìní orúkọ lára. Ẹ̀yin náà ti rí i lára géètì káàkiri, orúkọ wẹ́dà àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ọ̀gá mi kì í kọ orúkọ ara rẹ̀. Ó ní irin kéékèèké tí lẹ́tà wà lẹ́nu wọn, ILARO ló sì ń ní ká fi lu gbogbo rẹ̀. "Orúkọ èèyàn pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní," ó máa ń sọ. "Ẹni tó bá rí iṣẹ́ yìí ní Kútọnu, tó bá wù ú, Ìlaró ni kó máa bọ̀." Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá gbàgbé láti lù ú, ọ̀gá á pè é, á bi í lójú gbogbo èèyàn pé, "Ṣé o jí i ni?"

N kò ní fi bí mo ṣe dé Faransé da yín láàmú. Mo dé ibẹ̀, ó tán.

Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú níbẹ̀ kéré débi pé ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Ìkíni ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo kí ọkùnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pé bọ́ńjúù, ó dáhùn. Nígbà tó di ọ̀sán, mo bá a níbi tó ti ń gbé àga, mo tún kí i. Ó dúró, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "A ti kí ara wa lónìí." Ẹ gbọ́ ná! Bí ẹni pé mo fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi tí mo wá láti ìlú tí a ti ń kí ẹni tó jókòó, tí a ń kí ẹni tó dúró, tí a ń kí ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́! Wọ́n ní ẹyọ kan lóòjọ́, mo ní kò burú. Mo gbé "ẹ kú iṣẹ́" mi mì, ó sì há mi lọ́fun fún ìgbà pípẹ́.

Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà lẹ́yìn ìlú Paris, níbi tí wọ́n ti ń ta àwọn ohun ọ̀ṣọ́ ilé àtijọ́. Gbogbo wọn ń pe ọ̀gá ibẹ̀ ní pátírọ́ọ̀nù. Nílé wa, pátírọ́ọ̀nù ni ẹni tó ń náwó fún ẹgbẹ́ akọrin, tí a ń gbé àga iwájú fún. Mo rò pé èèyàn rere ni mo bá pàdé. Ṣíọ̀! Ọkùnrin náà a máa ra àga àti tábìlì tó ti bàjẹ́ nílé àwọn àgbàlagbà tó kú, a máa tún wọn ṣe ní kọ̀rọ̀, a sì máa tà wọ́n fún àwọn olówó. Ọdún kan àti ààbọ̀ ni mo fi gbálẹ̀ níbẹ̀, tí mo ń gbé ẹrù sókè sódò.

Lẹ́yìn náà, bàbá àgbàlagbà tó ń bá wọn tún irin ṣe fẹ̀yìn tì. Àga irin kan kán lẹ́sẹ̀, wọn kò rí ẹni tí yóò tún un ṣe. Mo gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, mo dáná, mo tún un ṣe. Pátírọ́ọ̀nù yí àga náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò rí ojú ibi tó ti kán. Ó ní, "Níbo lo ti kọ́ èyí?" Mo ní Ìlaró. Kò tilẹ̀ gbọ́, ó ti ń ronú àwọn àga tó kù nílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, èmi ni alágbẹ̀dẹ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé wọn, n kò sí níbẹ̀ rárá. Ó ṣèlérí pé bó bá yá, òun á kọ lẹ́tà fún mi láti fi lọ gba ìwé ìgbélùú. "Bó bá yá" yìí, mo ti mọ̀ ọ́n lédè mẹ́ta báyìí.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, ni mo máa ń pe ilé. Bọ́lá, àbúrò mi obìnrin, ló ń tọ́jú Bàbá láti ìgbà tí Màmá ti ṣaláìsí. Á tẹ fóònù kí ohùn mi lè jáde síta, Bàbá á sì ní kí n sọ Faransé kí àwọn tó wá kí òun lè gbọ́. Màá sọ ọ́. Faransé tó kọ́ mi náà ni, èyí tí àwọn ará ibi iṣẹ́ mi fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́, tí wọ́n ní mo ń sọ̀rọ̀ bí ìwé tí eruku bò. Bàbá á wá bèèrè pé, "Iṣẹ́ ńkọ́?" Màá ní, "Bàbá, irin àwọn Faransé ni mò ń tún ṣe." Á yíjú sí àwọn àlejò rẹ̀. "Ẹ gbọ́? Ọmọ mi ló ń tún irin wọn ṣe!" Wọ́n á pàtẹ́wọ́. Èmi á wà nínú yàrá mi, níbi tó jẹ́ pé bí mo bá na apá méjèèjì, ọwọ́ mi á kan ògiri lápá ọ̀tún àti lápá òsì, màá máa gbọ́ àtẹ́wọ́ náà. Bí ìpè bá já, yàrá náà á dákẹ́ débi pé màá ṣí ẹ̀rọ omi kí n lè gbọ́ nǹkan.

Ọjọ́ tí tábìlì náà dé, aṣọ ni wọ́n fi wé e bí ọmọ tuntun. Nígbà tí wọ́n tú u, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí. Sẹ́ńtà tébù ni! Èyí tí àwa ń gbé sáàárín pálọ̀, tí a ń gbé òdòdó rọ́bà àti rìmóòtù lé. Wọ́n ní ọkùnrin Faransé kan tó lókìkí gidi nínú ohun ọ̀ṣọ́ ilé ló ṣe é, pé ó ti kú kí wọ́n tó bí bàbá mi. Mo bèèrè pé ta ló lu irin rẹ̀. Wọ́n ní òun náà ni. Mo wo fọ́tò rẹ̀ tí wọ́n mú wá. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, ó mọ́ tónítóní, ó mú sìgá dání. Ọwọ́ yẹn kò lu irin rí. Alágbẹ̀dẹ kan ti wà tó làágùn sórí tábìlì náà, wọ́n sì ti gbé e mì.

N kò ní purọ́, tábìlì náà dára. Irin dúdú ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́ bí ìtàkùn, ewé irin mẹ́jọ ló sì yẹ kó yí etí rẹ̀ ká lábẹ́ jígí. Jígí náà nípọn tó ìka méjì, etí rẹ̀ rí bí omi odò. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan ti kán, ewé kan sì ti sọnù. Pátírọ́ọ̀nù pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Tún un ṣe," ó ní, "kí ojú ẹnikẹ́ni má lè rí i." Mo ní kò burú. Ohun tí mo gbọ́ ni pé kí n ṣe iṣẹ́ tó mọ́. Ohun tó ń sọ ni pé kí n má sí. Gbogbo gírámà tí Bàbá kọ́ mi kò ràn mí lọ́wọ́ níbẹ̀.

Mo fi irin sínú iná títí ó fi pọ́n, mo lù ú, mo dá a padà, mo tún lù ú. Mo sọ ewé mẹ́ta nù kí ìkẹrin tó jọ àwọn tó kù. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yẹn, ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbàgbé pé mo dá wà. Òòlù ń dún bó ṣe ń dún ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, òórùn ẹ̀yinná ń wọ aṣọ mi, ẹnikẹ́ni kò sì bèèrè pé níbo ni mo ti wá. Níwájú iná yẹn, n kì í ṣe àlejò ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ewé náà tutù, ọwọ́ mi ṣe ohun tó ti mọ́ ọn lára. Mo dojú ewé bolẹ̀, mo mú irin lẹ́tà láàárín irinṣẹ́ tí bàbá tó fẹ̀yìn tì fi sílẹ̀, mo lu ILARO sẹ́yìn rẹ̀, kékeré, níbi tí èèyàn ní láti dùbúlẹ̀ kó tó rí i. Ẹ má bi mí ìdí. N kò rò ó rárá. Iṣẹ́ tí kò bá ní orúkọ lára, a jí i ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ mi.

Lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, obìnrin kan wá, ọ̀mọ̀wé nípa ohun àtijọ́. Òun ló máa ń yẹ nǹkan wò kí wọ́n tó tà á. Mò ń gbálẹ̀ lọ́wọ́, nítorí Pátírọ́ọ̀nù ti sọ pé bí àlejò bá dé, kí n máa mú ìgbálẹ̀. Obìnrin náà tan tọ́ọ̀ṣì, ó yẹ ẹsẹ̀ tábìlì wò, ó yẹ jígí wò. Ó wá dùbúlẹ̀ sílẹ̀ gbalaja pẹ̀lú aṣọ olówó iyebíye tó wọ̀. Mo gbọ́ tó ń pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. "I, L, A, R, O."

Pátírọ́ọ̀nù funfun ju bó ṣe funfun tẹ́lẹ̀ lọ. Ó yíjú wò mí. Mo mọ̀ pé ó ti tán fún mi.

Obìnrin náà dìde, ojú rẹ̀ ń dán. "Ilaro! Ará Ítálì ni! Ẹ ò rí i ni? Alágbẹ̀dẹ ará Ítálì kan ló bá a ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ títí di òní!" Ó ń fò bí ọmọdé. Pátírọ́ọ̀nù nu òógùn ojú rẹ̀. Mo rí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń padà sí ojú náà díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Àwa náà ti ń fura bẹ́ẹ̀, Màdáàmù." Ó tún wò mí. Lọ́tẹ̀ yìí, ó rẹ́rìn-ín.

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fi ń polówó ọjà: ọ̀gá alágbẹ̀dẹ Ilaro, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ará Ítálì, ọwọ́ rẹ̀ dán mọ́rán, a kò mọ ìgbà tó kú. Mo kà á tán. Ẹ bá mi wò ó! Gbogbo wọn ló ní fóònù lápò. Bí wọ́n bá tẹ lẹ́tà márùn-ún yẹn síbẹ̀, kí wọ́n tó mí lẹ́ẹ̀mejì, Ìlaró á jáde, pẹ̀lú Poli rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀nà tó lọ sí Ìdógò. Kò wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Ó rọrùn fún wọn láti dá òkú kan sílẹ̀ lódindi, kí wọ́n fún un ní ìlú, kí wọ́n yin ọwọ́ rẹ̀, ju kí wọ́n yíjú wo ẹni tó mú ìgbálẹ̀ dání lẹ́yìn wọn lọ. Wọ́n máa ń bi mí pé ìgbà wo ni ìlú wọn yóò mọ́ mi lára. Ìlú wọn ti fi orúkọ ìlú mi sínú ìwé ọ̀ṣọ́, wọ́n kàn yọ èmi kúrò lẹ́yìn rẹ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Bọ́lá pè mí lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ Ìsinmi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ojú Bàbá ni o."

"Kí ló ṣe ojú Bàbá?"

"Ojú ọ̀tún ti lọ. Dókítà ní ti òsì náà ń lọ, pé kò sí ohun tí àwọn lè ṣe tí yóò dá a padà. Ihò kékeré kan ló kù tó fi ń ríran, bí ẹni ń yọjú nínú ihò kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ní bóyá ni yóò pé ọdún kan kí ìyẹn náà tó lọ."

Bàbá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sọ Faransé lọ́jọ́ náà. "Ọmọ mi, wá kí n rí ọ," ó ní. "Ohùn rẹ yìí, mo ti gbọ́ ọ tó."

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé lè sọ pé, ṣebí kí n wọ bàálù kí n máa bọ̀? Bí mo bá jáde láìní ìwé ìgbélùú, n kò ní lè padà wọlé mọ́, ọdún mẹ́rin iṣẹ́ á wọmi, owó oògùn Bàbá á sì dúró. Ìwé náà ni mo nílò, kò sì sí ìwé láìsí lẹ́tà Pátírọ́ọ̀nù. Mo gba fọ́ọ̀mù, mo fi bíírò dúdú kọ gbogbo ohun tó kàn mí síbẹ̀, mo gbé e lọ bá a. Ó ń kà á lọ, inú rẹ̀ dùn, títí ó fi dé ibi tí wọ́n ti bèèrè ìlú tí wọ́n bí mi sí.

Ó ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó tún un kà. Ó ní, "Ilaro. Ìlú ni?"

"Ìlú ni. Mo sọ ọ́ fún yín lọ́jọ́ tí mo tún àga ṣe."

Ó ti fọ́ọ̀mù náà padà sí mi pẹ̀lú ìka kan. "Kò ṣeé ṣe," ó ní. "N kò lè buwọ́ lu ìwé tó ní alágbẹ̀dẹ Ilaro ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. O mọ̀ bẹ́ẹ̀." Mo ní bàbá mi ń fọ́jú. Ó ní ó dun òun. Ó dùn ún! Ó sọ ọ́, ó sì gbé ife kọfí rẹ̀.

Orí mi gbóná. Lọ́jọ́ tí a lọ gbé tábìlì náà fún ẹni tó rà á, mo fi ìwé ìrìnnà mi sápò àyà. Ilé Màdáàmù tó rà á wà ní àjà kẹrin, èmi àti Pátírọ́ọ̀nù la sì gbé e gun àtẹ̀gùn. A gbé e kalẹ̀ láàárín pálọ̀ tó tóbi ju ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ. Màdáàmù náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Pátírọ́ọ̀nù. Kò kí mi. Mo fa ìwé ìrìnnà yọ, mo ṣí i síbi tí fọ́tò mi wà, mo gbé e lé orí jígí náà.

Mo fi Faransé Bàbá mi bá a sọ̀rọ̀, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan pé, ó sì gún. "Màdáàmù, mo bẹ̀ yín, ẹ ka ìlú tí wọ́n bí mi sí. Èmi ni mo rọ ewé yẹn. Kì í ṣe ará Ítálì. Èmi nìyí."

Ó tẹ̀ ba, ó kà á. Ó wo Pátírọ́ọ̀nù, tí òógùn ti bò. Mo ń retí kó pariwo, kó ní kí wọ́n gbé tábìlì wọn lọ. Ó nà ró, ó tún ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ ṣe. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ìyẹn kúrò lórí rẹ̀," ó ní. "Ó lè ha jígí náà."

Ìwé lásán ni yóò ha jígí tó nípọn tó ìka méjì!

"Ẹnikẹ́ni kò sọ ohunkóhun fún mi lónìí," ó tún ní, ohùn rẹ̀ kò sì yí padà. "Mo ti ra Ilaro, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn."

Mo ti rò pé bí mo bá ti sọ òótọ́ jáde, nǹkan kan á wó. Nǹkan kan kò wó. Mo mú ìwé mi, mo sọ̀ kalẹ̀.

Nínú ọkọ̀, Pátírọ́ọ̀nù yíjú sí mi. Ẹ̀rù bà á pé ibòmíràn ni n ó tún lọ sọ ọ́. "Kí lo fẹ́?" Mo ní lẹ́tà. Ó wa ọkọ̀ padà sí ibi iṣẹ́. Ní ọ́fíìsì, ó gbé bébà ka iwájú mi. "Ìwọ ni kí o kọ ọ́, Faransé rẹ mọ́ ju tèmi lọ. Èmi á máa sọ ọ́." Ó ń sọ, mò ń kọ. Pé agbálẹ̀ ni mí láti ọjọ́ tí mo ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Pé n kò fọwọ́ kan irin rí níbẹ̀. Pé n kò mọ iṣẹ́ irin rárá, yálà níbẹ̀ tàbí ní ìlú mi. Ó kọ́kọ́ buwọ́ lù ú, ó wá na bíírò sí mi. "Ìwọ náà."

Mo jókòó síbẹ̀. Mo rò ó pé kí n fa bébà náà ya. Mo rántí ihò kọ́kọ́rọ́ tí Bọ́lá sọ. Mo buwọ́ lù ú. Ẹ bú mi bí ẹ bá fẹ́, mo ti bú ara mi kí ẹ tó dé.

Ó gba oṣù méje kí ìwé ìgbélùú tó jáde. Ọjọ́ tí mo gbà á, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo wọ Ìlaró. Bàbá jókòó sí fàráńdà, ó ti rù. Nígbà tó gbọ́ ohùn mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí yí orí díẹ̀díẹ̀, sókè, sísàlẹ̀, ó ń wá mi. Mo kúnlẹ̀ kí ojú mi lè bọ́ sínú ibi tó kù fún un. Ó rí mi. Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú, ó wò mí títí. "O ti gbó," ó ní. Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi. Mo ti dé kó tó pẹ́ jù. Wọn kò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ mi.

A jẹun tán. Bàbá ní, "Ìwé tí òyìnbó fi gbà ọ́ síṣẹ́ dà? Mú un wá kí n fi ojú ara mi kà á. Mo fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti kọ alágbẹ̀dẹ síwájú orúkọ rẹ."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó di ọ̀la, ẹ sinmi ná."

"Ta ló mọ ohun tí ojú yìí á rí lọ́la?"

Kí n tó wá nǹkan míì sọ, Bọ́lá ti lọ ṣí báàgì mi. Kò mọ nǹkan kan. Ó kó fáìlì mi jáde tayọ̀tayọ̀, ó fa ẹ̀dà lẹ́tà náà yọ nítorí pé òun ló ní òǹtẹ̀ lára, ó fi lé Bàbá lọ́wọ́.

Bàbá gbé bébà náà súnmọ́ ojú òsì débi pé ó ń kan imú rẹ̀. Ó ń kà á sókè, ní Faransé, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, ohùn tíṣà. Bọ́lá kò gbọ́ Faransé. Ó dúró tì í, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tí Bàbá dé ibi agbálẹ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí mo ti kọ ọ́ pé n kò mọ iṣẹ́ irin, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà.

"Kí ni wọ́n kọ, Bàbá?" Bọ́lá bèèrè. "Ṣé wọ́n yìn ín?"

Bàbá yíjú sí mi. "Òyìnbó kọ́ ló kọ èyí," ó sọ fún mi. "Òyìnbó kì í kọ ọ́ báyìí mọ́. Ẹni tí mo kọ́ ló kọ ọ́."

Mo ní, "Èmi ni, Bàbá."

Ó mi orí. Kò bi mí ní ìdí. Ó ní kí Bọ́lá bá òun mú bíírò pupa wá nínú dúrọ́ọ̀. Ó tẹ́ bébà náà sórí itan, ó fi ìka wá gbólóhùn tó kẹ́yìn, èyí tó ní n kò mọ iṣẹ́ irin. Ó fa ìlà pupa gbọọrọ kọjá lórí rẹ̀ bó ṣe ń ṣe lórí ìwé àwọn ọmọ tó bá kùnà, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbọ̀n. Ṣùgbọ́n kò rí i dáadáa. Gbólóhùn náà wà lókè. Orúkọ mi nísàlẹ̀, níbi tí mo ti buwọ́ lù ú, ló fa ìlà náà lé.

"Ṣé mo fà á síbi tó yẹ?" ó bèèrè.

Mo wo orúkọ mi. Mo ní, "Ibi tó yẹ gan-an lẹ fà á sí, Bàbá."